Ṣọ́ọ̀bù ń ti ilẹ̀kùn lọ́kọ̀ọ̀kan ní àárín ìlú wa: níbo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

Téló_Igun

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Ojú pópó tí gbogbo ìlú ti máa ń wá rajà nígbà kan ni mo ti ń ránṣọ. Nísinsìnyí, bí èèyàn bá rìn ín láti òkè dé ìsàlẹ̀, géètì irin tí wọ́n fà wálẹ̀ ló máa rí ju ilẹ̀kùn tó ṣí lọ. Àwọn ilé ìtajà ńlá tó wà lẹ́yìn ìlú, tí wọ́n ní àyè ìgbọ́kọ̀sí rẹpẹtẹ, ti kó apá kan lọ nínú àwọn oníbàárà wa. Àwọn tó ń fi fóònù rajà láti orí ibùsùn ni ìyókù. Tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, ibẹ̀ á dá páropáro, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi kì í sì í fẹ́ dá rìn lọ sí ibùdókọ̀.

Àwa ọlọ́jà tó ṣẹ́kù ṣe ìpàdé, ariwo la fi tú u ká. Àwọn kan ní ká kun ojú ilé. Àwọn kan ní àfi ká ṣe àjọ̀dún. Ẹnì kan ní ká ti ọ̀nà mọ́ mọ́tò. Ìjọba ìbílẹ̀ rán òṣìṣẹ́ kan wá, ó kọ gbogbo ọ̀rọ̀ wa sínú ìwé, a ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Owó tí a dá jọ kò lè ṣe ju ohun kan ṣoṣo lọ. Ẹ̀yin tí irú rẹ̀ ti ṣojú yín, èwo lẹ máa kọ́kọ́ ṣe?

Káfíńtà_Àgbà

Ẹ kun ilé yín. Ẹ tún pátákó orúkọ ṣe, ẹ fi iná sí i. Ojú ni oníbàárà fi ń kọ́kọ́ rajà. Ibi tó bá rí játijàti, kò sẹ́ni tó máa dúró bèèrè iye tí ẹ ń tà á. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bísí_Olùtàwé

Ẹ̀gbọ́n Káfíńtà, mo gbọ́ yín, ṣùgbọ́n mi ò gbà. Wọ́n kun ti ojú pópó tí mo ti ń tàwé. Ọ̀dà náà bá ara mu, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ káàkiri. Àwọn ilẹ̀kùn tó wà ní títì kò tìtorí ẹ̀ ṣí. Òfìfo ni wọ́n ṣì jẹ́, wọ́n kàn wá rẹwà ni.

Ohun tí èmi máa kọ́kọ́ ṣe kò ju ìwé kékeré kan àti bírò lọ. Ẹ rìn ín, ilé dé ilé. Níwájú ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan tó wà ní títì, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ta ló ni ín? Ta ló lò ó kẹ́yìn, kí ló sì lé e lọ? Ṣé òrùlé ń jò? Ṣé iná àti omi ṣì ń dé ibẹ̀? Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ yọjú wo abẹ́ ilẹ̀kùn. Lọ́dọ̀ wa, lẹ́tà kún ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kan débi pé kò ṣeé tì síwájú mọ́, òǹtẹ̀ báǹkì ló sì wà lára ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àṣé onílé tí gbogbo wa ń bú pé alágídí ni kò ní àṣẹ lórí ilé ọ̀hún mọ́. Mẹ́ta mìíràn tí a rò pé olówó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ni wọ́n, ẹnì kan ṣoṣo ló ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nọ́ńbà tó wà lára ìwé "ilé yìí wà fún háyà" náà, ó ti kú tipẹ́.

Ẹ ò lè bá ilẹ̀kùn sọ̀rọ̀. Ẹ wá ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ kàn.

Ayàwòrán_Ilé

Àǹtí Bísí ti fọwọ́ kan ibi tó ń dunni. Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn díẹ̀ kún un, torí wàhálà yìí ti pẹ́ láyé.

Ní Amẹ́ríkà, òfin tí wọ́n fi la àwọn ọ̀nà márosẹ̀ ńlá jáde ní 1956. Ọ̀nà gba ẹ̀yìn ìlú, ọjà sì bá ọ̀nà lọ. Ọdún yẹn náà ni Southdale ṣí ní Minnesota, ilé ìtajà ńlá tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù inú rẹ̀ wà lábẹ́ òrùlé kan. Díẹ̀díẹ̀, àárín àwọn ìlú kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í ṣófo. Ní 1977, National Trust for Historic Preservation, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo àwọn ilé àtijọ́, mú ìlú mẹ́ta láti dán nǹkan wò: Galesburg ní Illinois, Madison ní Indiana àti Hot Springs ní South Dakota. Nígbà tó di 1980, wọ́n dá ẹ̀ka Main Street sílẹ̀ kí àwọn ìlú yòókù lè rí i kọ́.

Iṣẹ́ mẹ́rin ni wọ́n pín in sí: kíkó àwọn èèyàn jọ, ìpolówó, ìrísí ojú pópó, àti ọ̀rọ̀ ajé ibẹ̀ fúnra rẹ̀. Wọ́n ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kó jọ máa lọ. Ọ̀dà ti ẹ̀gbọ́n Káfíńtà wà níbẹ̀, àmọ́ abẹ́ ẹyọ kan nínú mẹ́rin ló wà. Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn jù nínú ìtàn ìlú mẹ́ta yẹn ni pé olúkúlùkù wọn ló ní ẹnì kan tí wọ́n gbà síṣẹ́, tí kò ní iṣẹ́ míì ju ojú pópó náà lọ. Ìgbìmọ̀ ọlọ́jà kò lè ṣe iṣẹ́ ẹni yẹn. Ìdí ò jìnnà: oníkálukú ní ṣọ́ọ̀bù tó gbọ́dọ̀ dúró tì. Tí onílé ò bá gbé fóònù lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ta ló máa pè é lẹ́ẹ̀kẹrin láàárọ̀ ọjọ́ tí oníbàárà tò sẹ́nu ọ̀nà?

Téló, èmi ò ní ná owó yín sórí ọ̀dà, mi ò sì ní ná an sórí àjọ̀dún. Ẹni yẹn ni mo máa fi san owó oṣù fún, kódà kó jẹ́ ìdajì àkókò ló máa fi ṣe é.

Káfíńtà_Àgbà

Kò burú, ọ̀dà nìkan ò tó. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ìpàdé àti ìwé pa àwọn èèyàn. Ohun tí ojú bá rí ló ń jẹ́ kí ẹni tó ti sọ̀rètí nù tún tọwọ́ bàpò. Ẹ wo ọ̀rọ̀ tí àbúrò mi fúnra rẹ̀ sọ: àwọn ọmọ iṣẹ́ ò lè rìn dé ibùdókọ̀ lálẹ́. Ẹ tan iná ọ̀nà ibẹ̀. Kí oṣù tó parí, kí gbogbo èèyàn ti rí i. Ẹ wá máa ka ilẹ̀kùn lẹ́yìn ìyẹn.

Akápò_Ẹgbẹ́

Ẹni tí ẹ fẹ́ gbà síṣẹ́ yìí máa gbowó oṣù. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti máa ń dàrú, torí náà ẹ jẹ́ kí akápò sọ̀rọ̀.

Owó tí oníkálukú bá fínnúfíndọ̀ dá kì í tọ́jọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo wọn á san. Tó bá yá, ẹnì kan á wò ó pé ẹni tí kò san kọ́bọ̀ náà ń rìn lábẹ́ iná, wọ́n sì ń gbálẹ̀ iwájú ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ náà. Òun náà á dáwọ́ dúró. Kò ní pẹ́ tí àwọn èèyàn bíi mélòó kan á máa gbé gbogbo rẹ̀ lórí, tí wọ́n á sì máa kùn. Ilẹ̀kùn tó tilẹ̀ le jù láti gbowó lẹ́yìn rẹ̀ ni ti àwọn ilé ìtajà tó ní ẹ̀ka káàkiri. Máníjà ibẹ̀ á ní òun ò láṣẹ, kí ẹ kọ̀wé sí olú iléeṣẹ́. Ẹ kọ ọ́, ẹ ò ní rí èsì.

Àwọn ọlọ́jà Bloor West Village, àdúgbò kan ní Toronto ní Canada, ló wá ọ̀nà àbáyọ sí èyí ní 1970. Wọ́n bẹ ìjọba pé kí wọ́n fi òfin gbé e: kí wọ́n fa ààlà yí àdúgbò náà ká, kí gbogbo oníṣòwò inú ààlà sì san, ẹni tó fẹ́ àti ẹni tí kò fẹ́. Ìjọba ìlú ló ń gbà á pọ̀ mọ́ owó orí, ó sì ń dá a padà fún ìgbìmọ̀ tí àwọn ọlọ́jà fúnra wọn gbé kalẹ̀. Wọ́n fi ṣe iná, ìjókòó, òdòdó, ìpolówó. Láti ibẹ̀ ló ti tàn dé Amẹ́ríkà, England, South Africa àti ibi púpọ̀.

Ẹ lọ wò ó bóyá òfin ibi tí ẹ wà fàyè gba irú rẹ̀. Tí kò bá sí, ẹ kọ́kọ́ ṣe ìwé àdéhùn ọdún kan, kí oníkálukú fọwọ́ sí i, kí owó máa wọlé lóṣooṣù láti báǹkì. Ẹ má fi ike dúró lẹ́nu ọ̀nà ìpàdé.

Jídé_Oníṣirò

Ẹ̀gbọ́n Akápò, òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ ẹ jẹ́ ká là á yékéyéké, torí "gbogbo oníṣòwò" tí ẹ ní ó ń san yẹn kì í ṣe bákan náà níbi gbogbo.

Ní England, òfin rẹ̀ jáde ní 2003. Ẹni tó ń lo ṣọ́ọ̀bù ló sábà máa ń san níbẹ̀, ayálégbé ni o, onílé ni o, òun náà ló sì ń dìbò. Ìbò ọ̀hún gbọ́dọ̀ borí lọ́nà méjì: kí àwọn tó ní "bẹ́ẹ̀ ni" pọ̀ jù lórí, kí àpapọ̀ iye tí ìjọba dá lé ilé wọn sì pọ̀ jù pẹ̀lú. Èyí ni kò jẹ́ kí àwọn ńlá dìbò tẹ àwọn kékeré rì, tí kò sì jẹ́ kí àwọn kékeré kóra jọ di ẹrù lé àwọn ńlá lórí. Àṣẹ náà kì í ju ọdún márùn-ún lọ, àfi kí wọ́n tún padà wá dìbò. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Amẹ́ríkà, ọrùn onílé ni owó náà wà. Ẹ má tan ara yín ṣá o, onílé mọ bó ṣe ń ti irú owó bẹ́ẹ̀ wọ inú owó ilé.

Ohun tí mo fẹ́ kí Téló bèèrè rèé: ta ló ń san? Ta ló ń dìbò? Ta ló jókòó nínú ìgbìmọ̀? Níbi tí ayálégbé bá ti ń sanwó tí onílé nìkan ń sọ̀rọ̀, ìjà ló máa kẹ́yìn ẹ̀.

Onílé_Kan

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ onílé bíi pé kò sí níjòókòó. Mo wà níbí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ilé mi kan fi wà ní títì. Báǹkì yá mi lówó lórí ilé náà, owó ilé tó ń mú wọlé ni wọ́n sì fi ṣírò iye tó tó. Tí mo bá gbà kí ayálégbé tuntun san ìdajì, lójú báǹkì, iye ilé náà ti já, wọ́n sì lè ní kí n wá da apá kan owó wọn sílẹ̀. Tí ilé bá ṣófo, lórí ìwé, iye rẹ̀ ṣì wà níbi tó wà. Mo mọ̀ pé létí ọlọ́jà, ọ̀rọ̀ wèrè lèyí, àmọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀ nìyẹn. Ti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan, ogún ni: bàbá ti kú, ọmọ pọ̀, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ síwèé kí ìyókù má gbé e lọ ilé ẹjọ́. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù ayálégbé tó ní òun fẹ́ dúró fúngbà díẹ̀, tó wá di pé ẹ ò lè lé e jáde.

Torí náà, ẹni tó bá wá bá mi pé "ẹ já owó ilé wálẹ̀", mi ò ní dá a lóhùn. Ẹni tó bá ní "ẹ jẹ́ ká lò ó fún oṣù díẹ̀, a máa kúrò nígbà tí ẹ bá rí ayálégbé gidi, ìwé rèé", a máa jókòó.

Ẹ tún gbọ́ eléyìí. Ní Japan, wọ́n ní ojú pópó ìtajà kan tó ń jẹ́ Marugamemachi ní ìlú Takamatsu. Ojú pópó náà ti ń kú lọ. Àwọn onílẹ̀ ibẹ̀ kò ta ilẹ̀ wọn. Wọ́n fi háyà fún iléeṣẹ́ kan tí wọ́n jọ dá sílẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún, iléeṣẹ́ yẹn ló wá ń tún ibẹ̀ kọ́, òun ló sì ń yan irú ṣọ́ọ̀bù tó máa wọ ibẹ̀. Apá àkọ́kọ́ ṣí ní 2006. Owó tó ń kan onílẹ̀ ń lọ sókè sódò bí ọjà bá ṣe tà sí, nítorí náà ohun tó bá dun ọlọ́jà á dun onílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń pè wá ní ọ̀tá, ẹ wá bí a ṣe máa wà nínú ọkọ̀ kan náà.

Ọmọ_Oníṣẹ́ọ̀nà

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n Onílé. Ìwé tí ẹ ń wí yẹn, wọ́n ti ṣe irú rẹ̀ rí. Ní Newcastle ní Australia, ní 2008, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Marcus Westbury dá ẹgbẹ́ Renew Newcastle sílẹ̀. Wọn ò ra ilé kankan. Wọ́n ń bẹ onílé pé kó yọ̀ǹda ṣọ́ọ̀bù tó ṣófo, ọgbọ̀n ọjọ́ ọgbọ̀n ọjọ́ ni wọ́n sì ń tún ìyọ̀ǹda náà ṣe. Kì í ṣe ìwé háyà, ìwé ìyọ̀ǹda lásán ni, nítorí náà kò sí pé ayálégbé á dì mọ́lẹ̀. Wọ́n wá ń fi àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, ayàwòrán àti àwọn tó ń dán òwò tuntun wò sí i. Tí onílé bá rí ẹni tó máa sanwó gidi, wọ́n á kó jáde. Àwọn kan nínú wọn ló padà di ayálégbé gidi fúnra wọn.

Bísí_Olùtàwé

Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n èmi tí mò ń san owó ilé láìyẹ̀, ṣé ẹ máa fi ẹnì kan sí ẹ̀gbẹ́ mi tí kò san nǹkan kan, kó tún máa ta ìwé?

Ọmọ_Oníṣẹ́ọ̀nà

Rárá o, Àǹtí Bísí. Ẹ kọ ọ́ sínú òfin ìgbìmọ̀ yín pé ẹni tó bá ń wọlé lọ́nà yìí kò gbọ́dọ̀ ta ohun tí aládùúgbò ti ń tà. Ẹ wá ohun tí ojú pópó náà kò ní: amọ̀kòkò, aṣàtúnṣe bàtà, ẹni tó ń kọ́ni ní orin. Ẹni tó bá gbé bàtà wá fún àtúnṣe máa nílò ibi tó máa dúró sí, ṣọ́ọ̀bù yín ló máa wọ̀.

Téló_Igun

Ìbéèrè kan. Tí wáyà iná inú ilé tí wọ́n yá wa bá gbiná, ọrùn ta ló wà?

Jídé_Oníṣirò

Ẹ má jẹ́ kí oníṣẹ́ ọwọ́ kọ̀ọ̀kan bá onílé ṣàdéhùn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹgbẹ́ yín ni kó dúró láàárín, kó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin, kó sì ra ìwé adójútòfò kan tó máa bo gbogbo ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n yá yín. Kí oníṣẹ́ iná wò ó kí ẹnikẹ́ni tó kó ẹrù wọlé. Lọ́jọ́ tí ẹ bá gba kọ́kọ́rọ́, kí ẹ̀yin àti onílé jọ ya fọ́tò ògiri, àjà àti ilẹ̀ rẹ̀, kí oníkálukú tọ́jú tirẹ̀. Ìjà tí fọ́tò ti parí fún mi kò kéré.

Awakọ̀_Èrò

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó ní kí wọ́n ti ọ̀nà mọ́ mọ́tò, ẹ dá a lẹ́kun. Kalamazoo ní Michigan ló kọ́kọ́ ṣe é ní Amẹ́ríkà ní 1959. Nígbà tó di 1998, wọ́n ti tún ṣí apá kan rẹ̀ fún mọ́tò. Chicago ṣe ti State Street ní 1979, bọ́ọ̀sì nìkan ni wọ́n fàyè gbà, wọ́n sì dá a padà ní 1996. Ibi tí mọ́tò ò lè dé, owó kì í dé ibẹ̀.

Ayàwòrán_Ilé

Ẹ̀gbọ́n Awakọ̀, ìdajì ìtàn lẹ sọ. Copenhagen ní Denmark ti Strøget, ojú pópó ìtajà ibẹ̀, mọ́ mọ́tò ní 1962, àwọn ọlọ́jà ibẹ̀ náà pariwo pé ebi máa pa àwọn. Títí dòní, èèyàn ń fẹsẹ̀ rìn níbẹ̀ wìtìwìtì. Ẹ wo ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀. Àwọn èèyàn ń gbé ní àárín Copenhagen, wọ́n ti ń fẹsẹ̀ rìn, wọ́n sì ń gun kẹ̀kẹ́ kí wọ́n tó ti ọ̀nà. Níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń gbé ìta ìlú, tí àwọn ilé ìtajà ńlá sì ti kó ṣọ́ọ̀bù lọ, ẹ ti ọ̀nà mọ́ mọ́tò, ẹsẹ̀ wo ló máa rìn ín?

Bí ọ̀rọ̀ náà bá ń ká àwọn èèyàn yín lára, ẹ dán an wò láìkọ́ nǹkan kan. Ní 2009, New York ti apá kan Broadway ní Times Square, àga ìgbafẹ́ tó ṣeé ká ni wọ́n kọ́kọ́ tò síbẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n tó sọ pé ó di títí láé, iṣẹ́ ńlá wá tẹ̀ lé e. Ẹ fi àgbá dí i ní òpin ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ ka àwọn tó ń wọ ṣọ́ọ̀bù. Tí kò bá ṣe dáadáa, ẹ yí àgbá kúrò.

Àti pé, kí ẹ tó máa jà lórí àyè ìgbọ́kọ̀sí, ẹ jáde láàárọ̀ kí ẹ wo mọ́tò tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù láti òwúrọ̀ dalẹ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ti àwọn ọlọ́jà fúnra wọn ni.

Awakọ̀_Èrò

Èyí tó kẹ́yìn yẹn, mo fara mọ́ ọn. Ẹ̀rín pa mí.

Ìyá_Alátẹ

Ẹ kú ìjókòó o. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀, kò sẹ́ni tó rántí àwa tí a pàtẹ síta. Bí wọ́n bá ti ń tún àárín ìlú ṣe, àwa ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ lé. Ẹ̀yin onílé àti ọlọ́jà á gba ọlọ́dẹ, ọlọ́dẹ á ní kí a dìde. Ọjọ́ tí wọ́n lé wa níbi tí mo wà tẹ́lẹ̀, ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́yìn mi ló kọ́kọ́ sunkún, torí ẹni tó bá dúró lọ́dọ̀ mi ló máa ń wọlé sí i. Àwa la tún ń ṣọ́ ojú pópó náà tó bá di alẹ́, a ò sì gba owó ọlọ́dẹ.

Mo gbọ́ ti Cape Town. Láti 2000 ni àwọn tó ni ilé ní àárín ìlú ibẹ̀ ti ń san owó tiwọn fún ìmọ́tótó àti ààbò, wọ́n sì ní àwọn òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó àwọn tó ń sùn síta. Síbẹ̀, àríyànjiyàn ò tíì tán níbẹ̀ lórí ẹni tí wọ́n ń tún ìlú ṣe fún. Téló, fi ọ̀kan nínú wa sínú ìgbìmọ̀ yẹn kí ẹ tó ṣe ohunkóhun.

Káfíńtà_Àgbà

Ìyá, ẹ ò jayò pa. Ṣùgbọ́n àtẹ tó bá dí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ńkọ́? Ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ, abiyamọ tó ń ti ọmọ nínú kẹ̀kẹ́, ṣé àárín mọ́tò ni kí wọ́n gbà?

Ìyá_Alátẹ

A ò gbọdọ̀ dí i. Ẹ gbé ọ̀dà tí ẹ fẹ́ràn yẹn wá, ẹ fa ìlà funfun sílẹ̀. Àtẹ kò gbọdọ̀ kọjá ìlà, kò sì gbọdọ̀ bo fèrèsé ẹni tó pàtẹ ọjà sínú gíláàsì. Ẹni tó bá kọjá ìlà, àwa fúnra wa la máa dá a padà.

Ayàwòrán_Ilé

Nǹkan kan ṣì wà tí a ò tíì kàn: òkè ilé. Páropáro tí Téló ń sọ pé ibẹ̀ ń dá nírọ̀lẹ́, iná òpópónà máa ràn yín lọ́wọ́, àmọ́ èèyàn tó ń gbé ibẹ̀ ló máa lé e lọ. Ọ̀pọ̀ yàrá òkè nínú irú àwọn ilé yìí jẹ́ ibi tí wọ́n ń kó páálí sí. Ẹ lọ wá àtẹ̀gùn wò. Àwọn ọlọ́jà ìgbà kan ti yọ àtẹ̀gùn tó jáde sí ojú pópó kúrò kí iwájú ṣọ́ọ̀bù lè fẹ̀ sí i, ìyẹn ni pé inú ṣọ́ọ̀bù lẹ ti máa gba gòkè. Kò sẹ́ni tó máa háyà ilé tó jẹ́ pé tí ọlọ́jà bá tilẹ̀kùn, òun náà ti há. Ẹ̀yìn ilé ni ẹ máa gbé àtẹ̀gùn tuntun gbà.

Owó rẹ̀ pọ̀, àdúgbò nìkan ò lè gbé e. Ní Amẹ́ríkà, ìjọba àpapọ̀ ń yọ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó àtúnṣe kúrò nínú owó orí ẹni tó bá tún ilé àtijọ́ tó wà lórí ìwé ìjọba ṣe, bí ilé náà bá jẹ́ èyí tó ń mówó wọlé. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ ìjọba yín bóyá nǹkan tó jọ ọ́ wà.

Akápò_Ẹgbẹ́

Àwọn tó fẹ́ àjọ̀dún, ẹ má bínú sí mi. Mo ti rí àjọ̀dún tí èrò kún fọ́fọ́, tí àwọn ọlọ́jà ibẹ̀ kò tà. Wọ́n kẹ́ àgọ́ àwọn àlejò sẹ́nu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀yìn àgọ́ ló kọjú sí wa. Owó wọ àpò àwọn tó wá láti òkèèrè, ìdọ̀tí ló kù fún wa láti gbá. Tí ẹ bá máa ṣe é, kí iwájú ṣọ́ọ̀bù ṣófo, kí àwọn ọlọ́jà ojú pópó náà ló kọ́kọ́ gba àyè. Kí ẹ sì bèèrè lọ́wọ́ wọn ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e: ṣé ẹnì kankan padà wá?

Téló_Igun

Ẹ ṣé gan-an ni. Mo kó ọ̀rọ̀ yín lọ sípàdé. A ti gbà pé iná ọ̀nà ibùdókọ̀ ló máa kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀, torí ìyẹn ò gba owó tó pọ̀, owó tó bá kù la máa fi gba ọmọbìnrin kan tó jáde ilé ìwé síṣẹ́ ìdajì ọjọ́. Èmi àti alágbàfọ̀ tó wà ní ìkángun ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ilẹ̀kùn. Ẹni tó ni ilé méjì níbẹ̀, oníbàárà mi ni, mi ò mọ̀ rárá! Ó ní kò sẹ́ni tó bi òun rí. Àwọn alátẹ ti yan ẹnì kan. Ìjọba ìbílẹ̀ ló kù. Ẹnì kan níbẹ̀ ní tí a bá lè máa gbá ilẹ̀ wa fúnra wa, inú àwọn máa dùn.

Jídé_Oníṣirò

Inú wọn máa dùn lóòótọ́! Àbúrò mi, rọra. Lọ́jọ́ tí ẹ bá mú ìgbálẹ̀, ọjọ́ náà ni agbálẹ̀ ìjọba máa dáwọ́ dúró, owó yín á wá máa ṣe iṣẹ́ tí owó orí yín ti san tẹ́lẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n fọwọ́ sí i: ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n ń gbálẹ̀ lọ́sẹ̀, ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n ń kó ìdọ̀tí, iná mélòó ló yẹ kó wà ní títàn, ta ni ẹ máa pè tó bá kú. Ohun tí ẹ̀yin bá ṣe, orí ìyẹn ni kó gùn lé. Ní England, ara ohun tí wọ́n ń gbé kalẹ̀ kí wọ́n tó dìbò nìyẹn.

Téló_Igun

Ṣé ẹnì kan ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ tí mo lè wò?

Akápò_Ẹgbẹ́

Tiwa wà lọ́wọ́ mi, ojú ìwé méjì péré ni. Mo máa yọ orúkọ àwọn èèyàn kúrò, mo máa fi ránṣẹ́ sí ọ ní ìkọ̀kọ̀ lálẹ́ yìí. Wo ìpínrọ̀ tó sọ̀rọ̀ gọ́tà dáadáa, ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹ́ yẹ̀ ẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́.